Bí A Ṣe Ń Gbé Eré Ayé Elizabeth Kìíní Kúrò Nínú Ìwé Bọ́ Sórí Ìtàgé

Àwọn eré tí wọ́n kọ ní Lọ́ńdọ̀nù láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ẹni tí ó gorí oyè ní 1558 tí ó sì wàjà ní 1603, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ kí ènìyàn lè jókòó jẹ́ẹ́ kà. Ẹnu òṣèré ni òǹkọ̀wé ń rò tí ó fi ń kọ ọ́, etí àwọn èrò tí ó dúró sí àgbàlá ilé eré ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ kan náà ni ọ̀mọ̀wé tí ó ń yẹ eré wọ̀nyí wò àti òṣèré tí ó fẹ́ ṣe é ń ṣe, àti pé ẹni tí kò bá tíì la ẹnu ka ìlà kan sókè kò tíì ka ìlà náà.

Ìran kan ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ nínú àlàyé yìí: ìran kẹrin ní apá kẹta eré Hamlet, níbi tí Hamlet, ọmọ ọba Denmark, ti lọ bá Gertrude ìyá rẹ̀ nínú yàrá, tí ó gún Polonius, àgbà ìjòyè kan, pa lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí ẹ̀mí bàbá rẹ̀ tí ó ti kú sì wọlé tọ̀ ọ́ wá. Òṣèré mẹ́rin péré ni ìran náà ń fẹ́, aṣọ ìkélé kan àti àga kan sì ti tó o. Ẹgbẹ́ kékeré tí ó bá fara balẹ̀ lè ṣe é dáadáa.

Ẹ mọ ẹ̀dà tí ẹ mú dání

William Shakespeare kọ Hamlet ní nǹkan bí ọdún 1600, ṣùgbọ́n ẹ̀dà mẹ́ta tí kò bára mu ni ó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1603; ìwé pẹlẹbẹ ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Quarto nítorí pé wọ́n ká tákàdá ńlá kan lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè di ewé mẹ́rin. Èkejì, tí ó gùn jù ú lọ dáadáa, jáde láàárín 1604 sí 1605. Ẹ̀kẹta wà nínú Folio, ìwé gbàǹgbà tí John Heminges àti Henry Condell, àwọn òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó jọ ní 1623, ọdún méje lẹ́yìn ikú rẹ̀. Eré 36 ni ó wà nínú Folio, nǹkan bí ìdajì wọn ni ẹnikẹ́ni kò sì tíì tẹ̀ rí kí ó tó jáde; bí kì í bá ṣe ìwé náà ni, Julius Caesar àti Twelfth Night lè ti pòórá. Ní ti Quarto 1603, ẹyọ ìwé méjì péré ni a mọ̀ pé ó ṣẹ́kù, wọn kò sì rí èyí àkọ́kọ́ he títí di 1823.

Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá ìkàwé lásán. Nínú ìran tí mo mú yìí, Quarto 1603 sọ pé aṣọ ìwọ̀sùn ni kí ẹ̀mí ọba wọ̀ wọlé. Àwọn ẹ̀dà yòókù kàn ní kí ó wọlé ni. Ìhámọ́ra ogun ni ẹ̀mí kan náà wọ̀ nígbà tí ó fara han àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Bí ó bá wá fi aṣọ ìwọ̀sùn wọ yàrá ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe jagunjagun mọ́, baálé ilé ni. Bákan náà, nínú Quarto 1603, Gertrude búra pé òun kò mọ nǹkan kan nípa pípa tí wọ́n pa ọkọ òun, ó sì ṣèlérí pé òun yóò ran Hamlet lọ́wọ́. Nínú ẹ̀dà tí ó gùn, ohun tí ó ṣèlérí kò ju pé òun kò ní tú àṣírí ọmọ òun lọ. Obìnrin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹni tí yóò ṣe Gertrude sì gbọ́dọ̀ mọ èwo ni òun fẹ́ jẹ́ kí ó tó mọ ibi tí yóò dúró sí nínú yàrá.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ẹ̀dà kan ṣe ìpìlẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí ó gùn tàbí ti Folio, kí ẹ sì kọ ohunkóhun tí ẹ bá yá láti inú òmíràn sínú ìwé kan pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi yá a. Folger Shakespeare Library, tí ó wà ní Washington, ti gbé àwọn eré náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà owó kò gbọdọ̀ dí yín lọ́wọ́. Kí ẹ má sì tètè fi Quarto 1603 ṣẹ̀sín nítorí pé ó kúrú. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé rò pé ìrántí ẹni tí ó ti wà lórí ìtàgé ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe àwọn ìlà rẹ̀ jáde lẹ́nu, ẹ óò rí i pé ó ń sáré, ó sì ń ṣe é ṣe.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń tan ni jẹ

Ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀ rárá kò léwu, nítorí pé a óò yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀. Èyí tí a rò pé a mọ̀ ni ó ń gbé ènìyàn ṣubú. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ Hamlet, ẹ̀ṣọ́ kan ń retí àwọn tí ó pè ní “rivals”. Lónìí, abánidíje ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n alábàáṣiṣẹ́ ni ó ní lọ́kàn. Nígbà tí Hamlet pariwo pé òun yóò sọ ẹnikẹ́ni tí ó bá “lets” òun di òkú, kì í ṣe ẹni tí ó gba òun láàyè ni ó ń halẹ̀ mọ́, ẹni tí ó bá dí òun lọ́nà ni. Bí ó bá sì ní òun “doubt” ìwà ibi kan, ó ń fura pé ó wà ni, kò ṣiyèméjì sí i.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láti mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé kí òṣèré kọ gbogbo ìlà tirẹ̀ ní Yorùbá ẹnu ara rẹ̀ kí ó tó há a sórí. Ìlà tí kò bá ṣe é sọ ní Yorùbá, kò tíì yé e. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ń ṣe ju èyí lọ pàápàá. Ní 2012, ẹgbẹ́ Renegade Theatre láti Èkó, tí Wole Oguntokun darí, ṣe The Winter's Tale ní èdè Yorùbá ní ilé eré Shakespeare's Globe ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ orúkọ Ìtàn Ògìnìntìn. (Òótọ́ ni pé ẹ̀yìn ikú Elizabeth ni wọ́n kọ eré yẹn.) Leontes, ọba tí owú jíjẹ sọ di òǹrorò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ni wọ́n sọ di Ṣàngó, Hermione aya rẹ̀ sì di Ọya. Kò sí àlàyé ojú ewé mẹ́wàá tí ó lè yára fi ìwà Leontes hàn wá tó bẹ́ẹ̀.

O àti ẹ

Ohun kan wà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì òde òní ti sọ nù, tí àwa ṣì ń lò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Láyé Elizabeth, wọ́n ní “thou” fún ẹnìkan tí a kò bọ̀wọ̀ fún tàbí tí a sún mọ́, wọ́n sì ní “you” fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ní láti kọ́ ìyàtọ̀ yìí nínú ìwé. Ọmọ Yorùbá gbé e wá láti ilé. Nínú Twelfth Night, nígbà tí Toby Belch ń kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí yóò ṣe kọ lẹ́tà ìjà sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó ní kí ó pe onítọ̀hún ní “thou” bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú rẹ̀. Kò sí Yorùbá kan tí a óò ṣàlàyé ìwọ̀sí inú ìyẹn fún.

Ẹ wá wo bí Gertrude àti ọmọ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá. Ìyá sọ pé “Hamlet, thou hast thy father much offended,” ọmọ dáhùn pé “Mother, you have my father much offended.” Ní ẹnu wa: “Hamlet, o ti ṣẹ bàbá rẹ gan-an.” “Ìyá mi, ẹ ti ṣẹ bàbá mi gan-an.” Ọmọ náà ń bọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ náà sì ń ta bí ata, nítorí pé bàbá tí ìyá ń sọ ni Claudius, ọkọ tuntun rẹ̀, bàbá tí ọmọ ń sọ sì ni èyí tí ó wà nínú ibojì. Lẹ́yìn náà ni ìyá yíwọ́ padà lójijì: “Come, come, you answer with an idle tongue.” Ó ti fi “o” sílẹ̀, ó ti bọ́ sórí “ẹ” fún ọmọ tí ó bí. Nígbà tí mo ń fi ìran yìí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan, ọmọbìnrin tí ó ń ṣe Gertrude ń ka ìlà yẹn bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Mo ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró le dan-in, ó wo ọmọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní: “Ó dáa náà, ẹ kúuṣẹ́ o, ọ̀gá mi.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò tíì bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí kí ìyà tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ojú yẹn kò kúrò ní ojú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi pẹ́ńsù yí gbogbo “thou” àti “you” inú ìran yín po, kí ẹ kọ “o” tàbí “ẹ” sí etí ìwé, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ìdí rẹ̀ níbi gbogbo tí ó bá ti yí padà. Ẹ óò rí i pé “thou” ni Hamlet fi dágbére fún òkú Polonius, àgbà ìjòyè tí ó ń pè ní “you” nígbà tí ó wà láàyè. Kí ẹ má ṣe rò pé ó bá tiwa mu délẹ̀délẹ̀ ṣá o: Ọlọ́run ni “thou,” olólùfẹ́ ni “thou,” ẹni tí inú ń bí ni sí náà sì lè di “thou” láàárín gbólóhùn kan.

Ìlù inú ìlà

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ìlà eré náà ní sílébù mẹ́wàá, ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo, títí yóò fi di márùn-ún tí ó wúwo; ìparí àwọn ìlà náà kò sì sábà bára mu ní ìró. Ìṣòro wa ni pé ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ní Yorùbá, nígbà tí ó jẹ́ pé agbára tí a fi pe sílébù ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, a máa ń pe gbogbo sílébù lọ́gbọọgba bí ẹni ń ka owó ẹyọ, ìlù náà a sì kú.

Ṣùgbọ́n etí wa ti rí ojútùú rẹ̀ tipẹ́. Ẹ wo tíṣà, sìgá àti kọ̀ǹpútà: ibi tí Òyìnbó ti fi agbára pe ọ̀rọ̀ gan-an ni àwa fi ohùn òkè sí. Bí mo ṣe ń kọ́ni nìyí: ẹ mú ìlà kan, kí ẹ sì fàmì ohùn sí i bí ẹni ń kọ Yorùbá, àmì òkè fún èyí tí ó wúwo, àmì ìsàlẹ̀ fún èyí tí ó fúyẹ́. Ìlà tí Romeo sọ nígbà tí ó rí Juliet lókè yóò di: “Bùt sóft, whàt líght thròugh yóndèr wíndòw bréaks.” Ẹ kà á jáde gẹ́gẹ́ bí àmì ṣe wí, kí ẹ máa fi ìka kan tábìlì fún ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀ṣẹ́ kàn án fún òkè. Yóò dún bí ẹni tí ó ń kọrin, ó sì dára bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ mú ohùn kúrò, kí ẹ fi ìwúwo nìkan sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mú ohùn kúrò yóò máa ké eré bí ọmọ iléèwé tí ó ń ké ABD.

Lẹ́yìn èyí, ibi tí ìlù ti yẹsẹ̀ ni kí ẹ máa wá, nítorí pé ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ń bá òṣèré sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Gbólóhùn Gertrude àti ti Hamlet tí a rí lókè ní sílébù mọ́kànlá: èyí tí ó wúwo ni ó bẹ̀rẹ̀ wọn, èyí tí ó fúyẹ́ sì ṣẹ́kù ní ìparí. Ìlù kan náà ni ọmọ fi dá ìyá lóhùn, bí onílù tí ó gba ìlù lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ìtumọ̀ ń fẹ́ kí Hamlet tẹ “my” mọ́lẹ̀, ìlù sì ń sọ pé “father” ni kí ó tẹ̀; kí òṣèré má ṣe yan ọ̀kan kí ó fi ìkejì sílẹ̀, kí ó fa “my” díẹ̀ kí ó tó bọ́ sórí “father.”

Nínú King John, ọba fẹ́ kí Hubert pa Arthur, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìyí: “Death.” “My lord?” “A grave.” “He shall not live.” “Enough.” Ẹnu yípo lẹ́ẹ̀marùn-ún, síbẹ̀ àwọn olóòtú òde òní kà á sí ìlà kan ṣoṣo, sílébù mọ́kànlá. Ohun tí èyí ń sọ fún òṣèré ni pé kò sí àyè láti mí láàárín wọn, kò sí àyè láti wo ojú ara ẹni. Ẹ̀mí ọmọdé kan lọ láàárín ìlà kan.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó wà nínú ìlù. Nínú Julius Caesar, Brutus, ọ̀kan nínú àwọn tí ó pa Caesar, fi ọ̀rọ̀ lásán tí kì í ṣe ewì bá àwọn ará Róòmù sọ̀rọ̀, bí agbẹjọ́rò. Antony tí ó tẹ̀ lé e ló fi ewì bá wọn sọ̀rọ̀, pẹ̀lú “Friends, Romans, countrymen”: sílébù kan, méjì, mẹ́ta, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìran kankan, ẹ wo èyí tí ó jẹ́ ewì àti èyí tí kì í ṣe ewì.

Ní ti bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ahọ́n BBC kiri. Àwọn èrò ayé Elizabeth kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pe “r” tí ó wà ní ìparí “father” jáde kedere. Ní 2004, ilé eré Globe fi pípè ayé àtijọ́ ṣe Romeo and Juliet, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ David Crystal tí ó jẹ́ onímọ̀ èdè. Ibi tí ìwúwo wà ni kí ẹ ṣọ́. Ahọ́n tí ẹ gbé wá láti Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú kò ṣe nǹkan kan.

Bébà kíká

Òṣèré ayé náà kì í gba odindi eré. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń kọ fún un, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn nínú ti ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, kí ó lè mọ ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀. Wọ́n á lẹ àwọn bébà náà pọ̀ di gígùn, wọ́n á sì ká a bí ẹní. Ọ̀kan ṣì wà ní Dulwich College, ilé ẹ̀kọ́ tí Edward Alleyn, òṣèré ńlá ìgbà náà, dá sílẹ̀: ìpín tí òun fúnra rẹ̀ ṣe nínú Orlando Furioso tí Robert Greene kọ. Ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ẹ gé ìran Gertrude sí mẹ́rin, kí ẹ fún oníkálukú ní tirẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rí ti ara wọn títí di ọjọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́. Nítorí pé Gertrude kò mọ ohun tí Hamlet fẹ́ sọ, yóò ní láti gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ òṣèré wa kì í sì í gbọ́ ẹnìkejì, wọ́n kàn ń dúró de ìgbà tí ó kàn wọ́n ni.

Ewì tí kò ní ìtàgé

Sonẹ́ẹ̀tì, ewì onílà mẹ́rìnlá, gba ọ̀nà kan náà, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n tẹ 154 tí Shakespeare kọ jáde ní 1609. Philip Sidney ti kọ 108 ṣáájú rẹ̀ nínú Astrophil and Stella, tí wọ́n tẹ̀ ní 1591. Ẹ ka sílébù wọn kí ẹ tó kà wọ́n sókè, nítorí pé èyí àkọ́kọ́ nínú ti Sidney ní méjìlá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́wàá, ẹni tí kò bá mọ̀ á máa kọsẹ̀. Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti yípadà, ó sábà máa ń jẹ́ ìlà kẹsàn-án, kí ẹ sì mí síbẹ̀. Bí “proved” àti “loved” bá wà ní ìparí ìlà méjì tí ó gbẹ̀yìn, bí ó ti wà nínú ti Shakespeare tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 116, ẹ rántí pé ìró wọn bára mu nígbà náà.

Ọ̀sán gangan

Nínú ilé eré bíi Globe àtijọ́, tí wọ́n kọ́ ní 1599, ọ̀sán ni wọ́n máa ń ṣeré, lábẹ́ òfuurufú, àwọn tí ó san pẹ́nì kan á sì dúró yí ìtàgé ká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Kò sí iná tí ẹnikẹ́ni lè pa. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ Hamlet pé aago méjìlá ti lù, kí ẹnìkejì òun lọ sùn, ọ̀rọ̀ yẹn ni ó sọ ọ̀sán di òru. Kí ẹ má ṣe náwó lórí iná, nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùwòran wà nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà pẹ̀lú òṣèré, kí Hamlet lè wo ojú wọn nígbà tí ó bá ń dá sọ̀rọ̀, kí ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè bí ẹni tí ó ń retí ìdáhùn.

Ní ìparí ìran náà, òkú Polonius wà nílẹ̀, kò sí aṣọ tí a óò fà bò ó, kò sì lè dìde kí ó máa rìn lọ níṣojú gbogbo ènìyàn. Ìdí nìyí tí Hamlet fi sọ pé òun yóò wọ́ ọ lọ sí yàrá kejì, tí Folio sì fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé Hamlet jáde, ó ń wọ́ Polonius. Ẹ fi ìdajì ọjọ́ kan dánra èyí nìkan wò. Kí ẹni tí ó ṣe Hamlet ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá òkú méjèèjì, kí òkú náà máa fi gìgísẹ̀ ti ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ aṣọ, kí wọ́n sì jọ wọn ìgbésẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n mọ iye rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí Hamlet fi jáde ni “Good night, mother,” ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ èémí kù tí yóò fi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí ó kí ìyá rẹ̀ pé ó dàárọ̀.